Alfred Binet, Ẹni Tí Ó Ṣe Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n Orí

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀yin òǹkàwé bá ṣí ojú ewé ìtàn ìgbésí ayé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, ìtàn ọba, ti jagunjagun, tàbí ti òǹkọ̀wé tí ó fi èdè Yorùbá dá bírà ni ẹ máa ń retí. Lọ́tẹ̀ yìí, ará ilẹ̀ Faransé kan tí ó ti kú láti 1911 ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i kọjá. Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ̀ pé a ó bí mi, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún wa ní ìdánwò kan tí a tẹ̀ sórí ìwé pelebe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀, àpótí kéékèèké sì wà níbẹ̀ tí a ó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi lábúlé ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe kò yé mi rárá, mo kàn ń sàmì bí ó ṣe wù mí ni. Mo gba 4 nínú 30. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kó àwa mẹ́fà lọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn ọmọ kíláàsì sì sọ ibẹ̀ ní Ìlú Olódo. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi jẹ́ ọmọ ìlú náà. Màmá mi kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n rí nọ́ńbà, wọ́n sì gbà pé nọ́ńbà kì í purọ́.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo mú kọ́ọ̀sì kan lórí ìdánwò àti ìwọ̀n mọ́ iṣẹ́ Yorùbá mi. Ìṣẹ́jú méjì péré ni olùkọ́ wa fi dárúkọ Binet, wọ́n ní òun ni ó pilẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọjá sórí bí a ti ń ṣírò ìpíndọ́gba. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ìkàwé lọ wá a. Kí n má purọ́, ọ̀tá ni mo rò pé mo ń wá lọ.

Ìlú Nice ni a ti bí Alfred Binet ní oṣù Keje 1857. Ìlú náà kò tíì bọ́ sábẹ́ Faransé nígbà yẹn; ọba Sardinia ló ni ín títí di 1860. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ayàwòrán sì ni ìyá rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn tú, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ náà gbé dàgbà. A gbọ́ pé bàbá rẹ̀ fẹ́ lé ojo kúrò lára rẹ̀, ó sì mú un lọ fọwọ́ kan òkú ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn bàbá kan ti ń wo ojo sàn nílé wa kò ní ya ẹnu. Ojo kò lọ. Ẹ̀rù tún gorí ẹ̀rù. Nígbà tí Binet dàgbà, ó bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ André de Lorde kọ eré orí ìtàgé tí ń kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn, wọ́n sì ṣe wọ́n ní Paris. Èmi kò lè ṣàìronú kan òkú ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Paris, ó lọ sí ilé-ìwé Louis-le-Grand, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní 1878. Kò fi òfin jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn, ó fi í sílẹ̀. Ó wá lọ jókòó sí ilé ìkàwé ìjọba ní Paris, ó ń ka ìwé nípa bí ènìyàn ti ń ronú, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sàíkọ́lọ́jì. Kò ní olùkọ́ kankan nínú ẹ̀kọ́ náà. Àìlólùkọ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Ní nǹkan bí 1883 ó dé ilé ìwòsàn Salpêtrière, níbi tí Jean-Martin Charcot, àgbà oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù, ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí iṣan ara àti ìrònú ń dà láàmú. Charcot a máa mú wọn sun irú oorun kan tí a ń fi ọ̀rọ̀ àti ìwòjú mú ènìyàn sùn, a sì máa fi wọ́n han èrò bí wọ́n ti wà nínú oorun náà. Binet àti oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Charles Féré bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò lára wọn. Wọ́n á jẹ́ kí apá ọ̀tún obìnrin náà gbé sókè, wọ́n á gbé irin máńgínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Apá ọ̀tún á wálẹ̀, tòsì á gòkè. Wọ́n tilẹ̀ kọ̀wé pé máńgínẹ́ẹ̀tì lè sọ ìbànújẹ́ di ayọ̀. Lójú wọn, àṣírí ńlá ni wọ́n tú yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, Joseph Delboeuf ni orúkọ rẹ̀. Ó wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ojútáyé ni wọ́n ti ń gbé máńgínẹ́ẹ̀tì kiri, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n ń retí létí aláìsàn bí ẹni pé adití ni. Ó padà sílé, ó dán an wò láìjẹ́ kí ẹni tí ó sùn mọ nǹkan kan. Apá kò gbé, ayọ̀ kò dé. Kì í ṣe irin ló ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ìfẹ́ inú àwọn tí ń ṣe ìwádìí ni, àwọn obìnrin náà kàn ń ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn ni. Binet kọ́kọ́ jà fitafita. Ó fi ìwé bú Delboeuf, Delboeuf náà sì fi ìwé dá a lóhùn. Ọdún mélòó kan kọjá kí ó tó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé pé òun ti ṣìnà.

Ìtìjú yìí ni kókó ìtàn rẹ̀ lójú tèmi. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí Binet bẹ̀rù jù lọ ni kí ẹni tí ń wọn nǹkan lọ máa wọn ìfẹ́ inú ara rẹ̀ láìmọ̀.

Ó fi Salpêtrière sílẹ̀ ní nǹkan bí 1890, ó sì jókòó sílé. Ó ti fẹ́ Laure, ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n Balbiani, ní 1884, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin méjì, Madeleine ní 1885 àti Alice ní 1887. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló wá di ìwé rẹ̀. Lákòókò yẹn, Francis Galton ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ ní London. Ní 1884, níbi ìpàtẹ ńlá kan, ẹni tí ó bá san owó díẹ̀, Galton á wọn bí ojú rẹ̀ ti ríran sí, bí etí rẹ̀ ti gbọ́ sí, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ti lágbára tó. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ojú àti etí rẹ̀ bá já fáfá ni ọpọlọ rẹ̀ á já fáfá. Binet fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ dán àwọn ọmọ rẹ̀ wò. Bí ó bá fi ìlà méjì hàn wọ́n pé èwo ló gùn jù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tó àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi wọ́n pé kí ni ọ̀bẹ, wọn á ní ohun tí a fi ń gé ẹran ni. Ìlò nǹkan nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn kò tíì lè sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ojú àti etí kọ́ ni ìyàtọ̀ ọmọdé àti àgbà wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ọgbọ́n orí ní láti lọ bá òye, ìrántí àti ìdájọ́ níbi tí wọ́n wà gan-an. Ní 1901, Clark Wissler ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò tuntun tí ń sọ bí nǹkan méjì ti ń bá ara wọn rìn yẹ irú ìwọ̀n ti Galton wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia. Ìwọ̀n ojú àti ọwọ́ wọn kò bá máàkì wọn rìn rárá.

Ní 1891 Binet pàdé Henri Beaunis ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ó sì ní kí ó gba òun sí yàrá ìwádìí sàíkọ́lọ́jì tí ó wà ní Sorbonne. Wọ́n gbà á. Wọn kò sanwó fún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó di olórí ibẹ̀, síbẹ̀ kò gbowó. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣan ara kòkòrò, ó dá ìwé ìròyìn ọdọọdún sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, ó dán àwọn tí ń ṣe ìṣirò ńlá lórí àti àwọn tí ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì láìwo ọpọ́n wò. Ó tilẹ̀ mú àwọn agbowó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Bon Marché wá kí wọ́n bá àwọn olókìkí oníṣirò náà díje. Nínú ìṣirò kéékèèké, àwọn agbowó náà ṣe é dára bíi tiwọn, wọ́n sì yá jù wọ́n lọ nígbà mìíràn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ó ń wá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris, kò rí i. Kò rí i títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ orí wíwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni mo ti dẹ́kun pípè é ní ọ̀tá.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Faransé gbà pé orí ńlá ni ọgbọ́n ńlá. Paul Broca tí ó kú ní 1880 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn. Binet náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1898 ó mú irin ìwọnrí, ó lọ sí àwọn ilé-ìwé, ó ní kí àwọn olùkọ́ yan àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé jù àti àwọn tí kò mọ̀wé rárá. Ó wọn orí wọn kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ nǹkan bíi mìlímítà kan ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ sí ìyàtọ̀ kankan.

Oníwádìí mìíràn ì bá kó nọ́ńbà náà jọ, kó sọ pé èmi wí bẹ́ẹ̀. Binet ti jẹ iyán máńgínẹ́ẹ̀tì, kò tíì gbàgbé ọbẹ̀ rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé, nígbà tí mo mọ̀ pé ọmọ yìí mọ̀wé, ṣé ọwọ́ mi kò ní rọ irin náà díẹ̀ kí orí rẹ̀ lè tóbi sí i? Ìwọ̀n orí kò dúró sójú kan: bí o bá tẹ irun mọ́lẹ̀ díẹ̀, mìlímítà kan ti lọ. Ó tún orí kan náà wọ̀n, ó fi ìwọ̀n tirẹ̀ wé ti Théodore Simon, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọwọ́ ènìyàn méjì, tàbí ọwọ́ ẹnìkan ní ọjọ́ méjì, lè ju ìyàtọ̀ tí òun ń wá láàárín ọlọgbọ́n àti òpè lọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi irin ìwọnrí sílẹ̀. Ní 1900 kan náà, ó ṣe ìwé lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ti ń darí ojú ẹlòmíràn: bí o bá fi ìlà márùn-ún tí ń gùn sí i han ọmọ, tí o wá fi àwọn tí kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ọmọ á ṣì máa yà wọ́n ní gígùn sí i. Mo rò pé ara rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò nínú àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n dé, irú ẹni tí ó bá nílé nìyí.

Òfin 1882 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Faransé lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tí kò bá ẹgbẹ́ wọn rìn nínú ẹ̀kọ́ wá hàn sójú. Kí ni kí a ṣe fún wọn? Àwọn kan ní kí a kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú aláàárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1904 ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, Binet sì wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí a dá kíláàsì àkànṣe sílẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ síbẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò wo? Binet àti Simon wo ìwé àwọn oníṣègùn, wọ́n rí ọmọ kan náà tí oníṣègùn kan pè ní òpè pátápátá, tí èkejì pè ní aláìlera díẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kálukú ń fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n. Olùkọ́ tí ọmọ kan kò jẹ́ kó gbádùn lè tì í lọ síbẹ̀ kó lè sinmi, òbí sì lè fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ohun tí ó mú wọn wá òṣùwọ̀n kan tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni nìyẹn. Kí a má baà fi ọmọ tí kò yẹ síbẹ̀ ni ó jẹ wọ́n lógún, ó kéré tán bíi kí a rí èyí tí ó yẹ.

Ní 1905 wọ́n gbé e jáde: ìdánwò 30, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Èkíní ni pé kí ọmọ fi ojú tẹ̀ lé iná ìṣáná tí a ń gbé kiri níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó mọ ṣokoléètì yàtọ̀ sí igi, kí ó tún nọ́ńbà mẹ́ta wí, kí ó sọ ìyàtọ̀ láàárín eṣinṣin àti labalábá, kí ó to nǹkan márùn-ún tí ìwúwo wọn kò dọ́gba, kí ó ronú ibi tí ihò á wà bí a bá ṣẹ́ ìwé po tí a fi àlùmọ́gàjí gé e, kí a tó tú u. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀, kò sí ìṣirò ilé-ìwé, nítorí ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ kì í ṣe òpè. Àwọn ọmọ bí 50, mẹ́wàá mẹ́wàá ní ọdún 3, 5, 7, 9 àti 11, ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ohun tí ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè ṣe.

Ní 1908 wọ́n tún un ṣe, wọ́n lo àwọn ọmọ 203, wọ́n sì pín ìdánwò náà sí ọdún orí, láti 3 dé 13. Ẹ gbọ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ìdánwò kan kì í bọ́ sí abẹ́ ọdún 5 nítorí pé Binet rò bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ọdún 5 tí wọ́n bi ló ṣe é, tí àwọn ọmọ ọdún 4 kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Àwọn ọmọdé fúnra wọn ló to àkàbà náà. Ọmọ ọdún 3 á fi imú, ojú àti ẹnu rẹ̀ hàn. Ọmọ ọdún 5 á ka owó ẹyọ mẹ́rin. Ọdún tí ọmọ bá ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kùnà ọ̀kan, ni a ó kọ sílẹ̀ fún un. Ìdánwò márùn-ún tí ó bá tún ṣe lókè rẹ̀ ni a ó kà sí ọdún kan sí i. Bí ọmọ ọdún 8 bá dé ti ọdún 6, a ó sọ pé ó fi ọdún 2 rẹ̀yìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Binet kò pè é ní ìwọ̀n ọgbọ́n bí ẹni pé ọgbọ́n jẹ́ aṣọ tí a lè fi ọ̀pá wọ̀n. Ipò tí ọmọ wà lónìí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ní ó ń fi hàn. Ó kìlọ̀ pé ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, kó fi inú rere bá a sọ̀rọ̀, kó má ràn án lọ́wọ́, kó má sì dẹ́rù bà á.

Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbìyànjú láti fi Yorùbá bi ìdánwò Binet. Eṣinṣin àti labalábá rọrùn. Mo dé ibi tí ó ní kí ọmọ ọdún 8 dárúkọ àwọ̀ mẹ́rin: pupa, ìyẹn wà, èkejì ni àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀kẹta ni àwọ̀ aró, ẹ̀kẹrin ni àwọ̀ ewé. Ọmọ Paris á fi ọ̀rọ̀ kan kan dáhùn. Ọmọ tiwa tí ó bá pe aró àti ewé ní dúdú, bí ìyá ìyá mi ti ń ṣe, kò ṣìnà nínú èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n òdo ni ìwé á fún un. Mo tún dé ibi tí ó ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn akéwì Faransé ti ń ṣe. Mo dúró síbẹ̀. Ewì tiwa kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń ṣọ̀ṣọ́ sí i. N kò lè rí ọmọ ọ̀jẹ̀ kan tí yóò yege ìbéèrè náà.

Binet fúnra rẹ̀ rí irú nǹkan báyìí kí ó tó kú. Decroly àti Degand fi òṣùwọ̀n rẹ̀ dán àwọn ọmọ olówó wò ní Brussels, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà fi ọdún kan àtààbọ̀ síwájú ti àwọn ọmọ tálákà Paris tí Binet lò. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ olówó ló gbọ́n. Binet yẹ ìdánwò náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ sí ni àwọn ọmọ olówó ti tayọ jù, ó sì tọ́ka sí ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1909 nípa àwọn ọmọdé, ó bínú sí àwọn tí ń sọ pé òye ọmọ kò lè pọ̀ sí i ju bí a ti bí i lọ. Ó ti ṣí yàrá ìwádìí sí ilé-ìwé kan ní òpópónà Grange-aux-Belles ní 1905, òun àti ọ̀gá ilé-ìwé náà, Victor Vaney. Fún àwọn ọmọ kíláàsì àkànṣe, wọ́n ṣe eré tí ń kọ́ni ní ìfarabalẹ̀: olùkọ́ á ní kí gbogbo wọn dúró bí ère, ẹni tí ó bá mira ti kùnà, wọ́n á máa wo nǹkan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Mo ronú kan Ìlú Olódo níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi wá ní ìbéèrè kankan fún odindi sáà kan.

Ní 1911 ó tún òṣùwọ̀n náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 18 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó kú ní Paris. Ẹni ọdún 54 ni.

Ó ku òṣùwọ̀n nílẹ̀, ẹni tí ó mọ ewu inú rẹ̀ sì ti lọ. Ní 1912, William Stern ní Jámánì ní kí a má yọ ọdún kan kúrò nínú èkejì mọ́, kí a fi ọdún orí pín ọdún òye. Ọmọ ọdún 8 tí ó dé ti ọdún 6 di 0.75. Ní 1916, Lewis Terman ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 75. Ó dà bí nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ọmọ yìí fi ọdún 2 rẹ̀yìn ń béèrè pé kí la ó ṣe fún un. 75 kò béèrè ohunkóhun, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọmọ lára bí ilà ojú.

Henry Goddard, tí ó jẹ́ olùwádìí ní ilé ìtọ́jú kan ní Vineland, New Jersey, ló gbé òṣùwọ̀n náà dé Amẹ́ríkà. Ó fi í dán àwọn àlejò tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé Ellis Island wò, nípasẹ̀ ògbufọ̀, ní kété tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú àárẹ̀ àti ìpayà. Ní 1917 ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ítálì àti 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Júù tí ó dán wò ni ó pè ní aláìpé ọpọlọ. Lọ́dún kan náà Robert Yerkes bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọmọ ogun wò lọ́pọ̀ yanturu, nǹkan bíi 1,750,000 ọkùnrin, nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ìbéèrè wọn ni pé kí ni Crisco. Òróró ìdáná kan tí wọ́n ń polówó ní Amẹ́ríkà ni; ẹni tí kò rà á rí, òpè ni. Níbo ni ìjókòó ti ọmọ kan ṣoṣo wà? Ní ìpínlẹ̀ Virginia, òṣùwọ̀n ti Stanford wà lára ohun tí wọ́n fi ka Carrie Buck sí òpè, pé òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún 9 lọ. Ní 1927 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kí a gé e kúrò lọ́nà ọmọ bíbí, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan. A rí i lẹ́yìn náà pé kò sí ohun tí ó ṣe orí obìnrin náà. Ìwé ìròyìn ni ó ń kà títí ó fi darúgbó.

Goddard fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 1928 pé òun ti ṣìnà nínú díẹ̀ lára ohun tí òun sọ. Ní California, nínú ẹjọ́ kan tí àwọn òbí aláwọ̀ dúdú pè ní 1971, adájọ́ Robert Peckham pàṣẹ ní 1979 pé kí ìpínlẹ̀ náà má ṣe lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́ láti fi kó àwọn ọmọ dúdú sí kíláàsì àwọn aláìpé ọpọlọ. Kíláàsì tí Binet dá sílẹ̀ kí a lè kọ́ ọmọ dáadáa ti di ibi tí a ń kó ọmọ jọ sí.

Simon ni ó pẹ́ láyé nínú àwọn méjèèjì. Ó wà láàyè títí di 1961, ó sì ń ṣe àtúntẹ̀ òṣùwọ̀n náà bí òun àti Binet ti fi í sílẹ̀ ní 1911. Ọ̀dàlẹ̀ ni ó ka ìlọ́po 100 sí. Nínú òṣùwọ̀n tirẹ̀, ọdún ni ó ń kọ fún ọmọ.